Àpèjọ Ìṣoore Láàárín Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Òṣogbo àti Abúlé Àyíká Rẹ̀

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe àpèjọ kan lórí ìṣoore, yálà ìjọ náà wà ní àárín ìgboro Òṣogbo tàbí ní abúlé tí àwọn ìyá ti ń dá oko gbágùúdá àti àgbàdo. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ń sọ, tí a óò kọ́ ẹ̀kọ́ lórí oore, tí a óò jẹun pọ̀, tí a óò sì ṣe oore kan tí ọwọ́ lè tọ́ka sí. Àìtó owó kọ́ ni ó sábà máa ń ba irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìtìjú ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni.

Ojú mi ni ó ṣe. Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ tiwa ra ìrẹsì, a dì í sínú ọ̀rá ní kóńgò méjì-méjì, a sì ń pe orúkọ àwọn opó lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jáde wá síwájú ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ń fi fóònù ya àwòrán wọn. Ìyá kan tí ó ti ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò láti ọjọ́ pípẹ́, tí púpọ̀ nínú wa ti ra àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ rí, gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó dìde, ó gba ọ̀rá náà, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a kò fi rí i ní ìpàdé. Èmi gan-an ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà.

Ọjọ́ àti owó

Kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ọjọ́ Sátidé kò dára, nítorí pé ọjọ́ ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni. Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni ó rọrùn jù. Láti ìparí oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún, àwọn ìyá tí ó ń dáko wà lẹ́nu gbígbìn, a kò sì gbọdọ̀ fi àpèjọ dí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ, èrò máa ń kún ìlú fún ọdún Ọ̀ṣun, ọkọ̀ sì máa ń há ní ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Ọjà Ọba. Oṣù kọkànlá ni èmi yóò yàn: òjò ti dá, ọ̀nà abúlé ti gbẹ, irè tuntun sì ti dé ọjà.

Ẹ má ṣe dá aṣọ ẹgbẹ́ fún ọjọ́ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ra aṣọ náà ni ẹni tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ jù lọ. Ìlú aró ni ìlú wa. Kò sí ilé tí a kò ti lè rí gèlè àdìrẹ kan tí ó ti gbó díẹ̀, kí olúkúlùkù sì wé èyí tí ó bá ní. Ìdáwó náà kò gbọdọ̀ ní iye kan pàtó, inú àpòòwé tí kò ní orúkọ ni kí a fi í sí. Kí akápò àti ẹlòmíràn kan jọ kà á, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé.

Ìyá tí kò ní owó lè mú oúnjẹ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀wà tàbí gààrí tí ó kún agolo mílíìkì kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀wà ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù, nítorí pé láti oko ni kòkòrò ti máa ń wọ inú rẹ̀. Kí a sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí a dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí kò jò, kí ó kún dé ẹnu, kí a sì dé e pinpin. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tán, kòkòrò náà yóò kú láìsí oògùn kankan. Kẹ́ẹ̀gì kékeré púpọ̀ sàn ju ńlá kan lọ, kí ọ̀kan lè tètè kún kí a tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, torí pé ṣíṣí ni ó ń dá afẹ́fẹ́ padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da oògùn apakòkòrò olómi sí ẹ̀wà tí èèyàn yóò jẹ. Májèlé ni.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà

Ẹ̀kọ́ kan tó. Orí kejì ìwé Rúùtù ni mo máa ń yàn, nítorí pé ìyá tí ó bá ti dáko rí yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ kí a tó kà á dé ìdajì. Rúùtù jẹ́ opó, ó tún jẹ́ àlejò, ó sì lọ pèéṣẹ́ ọkà báálì lẹ́yìn àwọn olùkórè nínú oko Bóásì. Bóásì ì bá di àpò kan fún un kí ó máa gbé e lọ sílé lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ó pàṣẹ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìtí, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì ṣe dójú tì í. Rúùtù ṣa ọkà títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó sì pa á, ó tó ìwọ̀n efa kan, èyí tí ó lé ní lítà 20. Kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá pé: nínú oko náà, ta ni ó mọ̀ pé ìtọrẹ ni? Kí ó sì dákẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan yóò pa òwe dandan pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe àgbà ni, ó sì ní ibi tí ó bá mu, ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tí ó fúnni lọ́rẹ, níwájú ẹni tí ó gbà á, ìbéèrè fún gbèsè ni ó ń dà. Kí ìyá ẹgbẹ́ fi ọgbọ́n darí ọ̀rọ̀ padà sí oko Bóásì. Ẹgbẹ́ tí aránṣọ bá pọ̀ nínú rẹ̀ lè lo ìtàn Dọ́káàsì ará Jópà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9.

Oúnjẹ

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti tó. Kóńgò ẹ̀wà kan yóò fún wa ní mọ́ínmọ́ín tí ó lé ní 20 tí a bá fi ewé pọ́n ọn. Oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ ní tútù ju wákàtí méjì lọ, nítorí náà kí a gbé e kaná nígbà tí ìwàásù bá ń lọ.

Bí a ṣe máa pín ẹ̀bùn náà

Ní ibi yìí ni kí ìgbìmọ̀ ti lo àkókò jù. Kí gbogbo obìnrin tí ó bá wá, láti orí Ìyá Ìjọ títí dé orí ọmọge, gba àpò kan náà lọ sílé: ẹ̀wà díẹ̀, gààrí díẹ̀, ọṣẹ kan. Inú àpò àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu ni a óò ti fi owó sí ìsàlẹ̀, nínú bébà tí a ká. Èèyàn méjì péré ni kí ó mọ àpò wo ni ti ta, kí wọ́n sì sun ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí àwòrán. Bí ìjọ bá béèrè ìjábọ̀, kí a ka iye owó tí ó wọlé àti iye tí ó jáde, kí ó parí síbẹ̀.

Oore mìíràn wà tí kò jọ oore rárá, èyí nì ni kí a ra ọjà lọ́wọ́ ẹni náà. Bí opó kan bá ń ta ẹ̀kọ, ewé, tàbí ata, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ ti ra ohun tí a óò lò, kí a sanwó ṣáájú, kí a má sì ná an.

Ní abúlé, ọwọ́ ṣe pàtàkì ju owó lọ. Àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró, tí a máa ń san padà ní oko ara wa, àti ọ̀wẹ̀, tí a kì í san padà. Ọ̀wẹ̀ ni kí a bẹ̀ fún ìyá tí àìsàn dá dúró. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbígbìn ni koríko máa ń ṣe gbágùúdá ní jàǹbá jù, nítorí náà kí a lọ ro oko rẹ̀ ní àsìkò yẹn, kí a sì gbé oúnjẹ tiwa dání, kí ó má baà di pé ó ń wá ohun tí yóò fi bọ́ wa.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ti ìrẹsì yẹn, èmi àti akápò lọ bá ìyá ẹlẹ́kọ nílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a sì sanwó ẹ̀kọ 80 fún un ṣáájú. Kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ kìíní, àwa náà kò sì sọ. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Nígbà tí a tú agbọ̀n rẹ̀ wò ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, 86 ni ó wà níbẹ̀. Ó ní mẹ́fà yòókù ni ènì.