Bí A Ṣe Ń Jáwọ́ Nínú Ìjẹkújẹ: Fún Ẹni Tó Ń Jí Lọ Síṣẹ́ Ní Èkó

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo da báàgì mi sórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè rí kọ́kọ́rọ́ mi. Ọ̀rá gálà méjì ló jábọ́, ọ̀rá bisikíìtì kan, ìdérí mínírà méjì, àti bébà púfú-púfú tí òróró ti rin gbingbin. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi jẹ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màá ní n kò tíì jẹun.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú tiwa, iyán ni oúnjẹ, àmàlà ni oúnjẹ, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni oúnjẹ. Ìpanu kò sí nínú ẹ̀, nítorí náà a kì í kà á. Ara ń kà á ní tiẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń bú ara wa pé wọ̀bìà ni wá. Ẹ má bú ara yín. Ẹni tó kúrò ní Ìkòròdú ní aago márùn-ún ìdájí láìfi nǹkan kan sẹ́nu, tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí di aago mẹ́jọ, ebi ló ń bá a náwó. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ilé la ti ń ṣẹ́gun ìjẹkújẹ, kí a tó dé ojú títì rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje

Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Gbogbo ohun tó bá ti wọ ẹnu, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù: kí ni, aago mélòó, eélòó, àti bí ara ṣe rí kí ẹ tó rà á. Ṣé ebi ni, àbí òùngbẹ, àbí inú tó ń bí yín? Nínú tèmi, aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló pọ̀ jù. Ti àárọ̀, ebi ni. Ti ìrọ̀lẹ́, oorun ni, torí aago méjìlá òru ni mo ń sùn, tí mo sì ń jí ní aago mẹ́rin. Ẹni tí kò bá sùn tó, ebi máa ń pa á ju bó ṣe yẹ lọ, ohun dídùn ni ara rẹ̀ sì máa ń béèrè. Ní ọjọ́ keje, ẹ ro owó rẹ̀ pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹun kí ẹ tó jáde

Bí ẹ kò bá ní lè ṣe ju ẹyọ kan lọ nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, ẹ mú eléyìí. Kó sì jẹ́ oúnjẹ tó ń dúró nínú. Ògì àti ṣúgà nìkan kì í bá èèyàn dé Kétu kó tó dà. Ẹ̀wà ló ń dúró, ẹyin ń dúró, ẹja náà ń dúró.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń rẹ ẹ̀wà, màá bó o, màá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, màá pọ́n ọn sínú ewé, màá sè é. Tó bá ti tutù tán, mo máa ń tò ó sínú fíríìsà. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, màá mú méjì wá sí apá ìsàlẹ̀ fíríìjì. Láàárọ̀, mo máa ń bu omi díẹ̀ sínú ìkòkò, màá gbé e kaná, màá lọ wẹ̀. Kí n tó wọṣọ tán, ó ti gbóná. Ẹ̀kọ kan pẹ̀lú ẹ̀, ó parí.

Ibi tí iná kì í ti í dúró, ẹ má sè ju ti ọjọ́ kan lọ, torí mọ́ínmọ́ín tó ń yọ́ tó tún ń dì lè ba inú jẹ́. Ẹ se ẹyin lálẹ́ dípò ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in ní oríta. Wọ́n á ní òróró rẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni, òróró wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀wà ni àkàrà. Mo fara mọ́ ọn ju bisikíìtì lọ nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mínírà

Ẹ yí ike náà padà, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá iye ṣúgà tó wà nínú 100ml. Bí ike náà bá jẹ́ 50cl, ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po 5, kẹ́ ẹ wá fi 4 pín in. Iye kóró ṣúgà tẹ́ ẹ fẹ́ mu nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ gíráàmù 10, gíráàmù 50 ló wà nínú ike kan, ìyẹn kóró méjìlá àbọ̀. Ẹ ka kóró náà sínú àwo níwájú àwọn ọmọ yín, ẹ ó rí bí ojú wọn ṣe máa rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi kún nǹkan má tó gíráàmù 50 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, pé tó bá lè dín sí nǹkan bíi 25, ó tún dára jù. Ike kan péré ti kó gbogbo ẹ̀ tán.

Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Náírà 5 nìyẹn lórí ike 50cl. Kò dá ọwọ́ mi dúró o, mi ò sì rò pé ó dá ti ẹnikẹ́ni dúró. Àwa fúnra wa la máa ṣe é.

Ẹ má já a lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan nínú mínírà yìí, pàápàá kóòkì, ní kaféènì, orí sì lè máa fọ́ ẹni tó bá dá a dúró lójijì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bó bá jẹ́ méjì lẹ ń mu lóòjọ́, ẹ mú un wá sí ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ọ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì. Kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ kọ́kọ́ mu ife omi kan. Ẹ má sì fi máátì rọ́pò rẹ̀ pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn òun náà, ṣúgà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé tiyín dání

Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ike kékeré, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, òfió, àgbálùmọ̀ nígbà tó bá wà lóde. Ibi tí ọwọ́ ti lè tètè kàn án ni kẹ́ ẹ fi sí, kó má bọ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ jókòó sí àárín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa, iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ta ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ẹ ra ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: inú ilé

Ohun tí kò bá sí nílé, a kì í dìde lóru lọ jẹ ẹ́. Ẹ dẹ́kun ríra páálí bisikíìtì. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ se indomie fún àwọn ọmọ, ìdajì èròjà inú ọ̀rá rẹ̀ tó, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ já ẹ̀fọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì fọ́ ẹyin sí i.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣubú

Ẹ máa ṣubú. Ẹ ó lọ síbi ìnáwó, wọn á gbé púfú-púfú àti sàmósà wá, ẹ ó sì jẹ ẹ́. Ẹ má sọ pé ọ̀sẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Oúnjẹ tó kàn ni kẹ́ ẹ ti padà sọ́nà. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tó sì ń lo oògùn rẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí bó ṣe ń jẹun padà, kí ṣúgà ara rẹ̀ má bàa já wálẹ̀ jù.

Ní nǹkan bí oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé mínírà tútù fún mi níbi ìsọmọlórúkọ kan. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn débi pé eyín ń kan mí. Mo gbé e sílẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi wá omi.