Bí Mo Ṣe Pa Ohùn Ìyá Àgbà àti Ìlù Gángan Pọ̀ Sínú Fídíò Ọlọ́jọ́

Àwòrán ọdún Ọlọ́jọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa nínú ẹbí. Ohun tí kò sí ni ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá bàbá mi, ní Ìlódè, kí wọ́n sọ bí ọdún náà ṣe rí nígbà ọmọge wọn: bí Ọọ̀ni ṣe ń dé adé Arè, bí èrò ṣe ń wọ́ lọ sí Òkè Mògún.

Ibi tí a bá ti gba ohùn ló ń pinnu iye iṣẹ́ tó kù. Pálọ̀ wọn kọjú sí títì, ọ̀kadà ò sì dẹwọ́, nítorí náà a wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tó kọ́ sára ògiri àti kọ́tìnì tó nípọn máa ń gba ìró mọ́ra kó má baà ta padà. Mo pa fáànù, mo gbé fóònù sórí àpótí tó súnmọ́ wọn bíi gígùn rúlà ilé ìwé. Mo ti ṣètò rẹ̀ sí WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, tẹ́lẹ̀, ní 48,000 Hz, torí òun ni fídíò ń lò. 44,100 Hz ni ti CD. Àwọn nọ́ńbà yẹn ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó ń gbọ̀n ju nǹkan bíi ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan (20,000 Hz), ìwọ̀n náà sì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì èyí lọ, nítorí náà méjèèjì ló tó.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀ ná." Wọ́n ní, "Ṣé àdúrà la fẹ́ gbà ni?" Mo ní rárá, yàrá fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀.

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ni mo fi ṣàtúnṣe. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2000 ló sì ti wà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, mo kọ́kọ́ fi High-Pass Filter dín ìró tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kù. Lẹ́yìn náà ni mo yan ibi tí a ti dákẹ́ yẹn, mo fi han Noise Reduction pé ariwo rèé, kó bá mi yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo fáìlì. 6 dB péré ni mo ní kó yọ (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó). Ìparí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá wà lóhùn ìsàlẹ̀ sábà máa ń rọ̀, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ariwo, á sì gbé e lọ. Mo yàn kí jẹnẹrétọ̀ máa kùn díẹ̀ ju kí ọ̀rọ̀ Ìyá di àgékù lọ. Mo gé ikọ́, mo fi ẹ̀rín sílẹ̀. Níbi tí mo gé, mo lẹ ìdákẹ́jẹ́ yàrá mọ́ ọn, torí bí ohùn bá kú pátápátá, ẹni tó ń gbọ́ á rò pé fóònù òun ló bàjẹ́.

Ti ìlù ló gba àkókò jù. Onílù kan ní Ìrẹ́mọ bá mi lu gángan lọ́tọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n tẹ́ ìlù sábẹ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkàn mi ò gbà á, Ìyá náà sì tì mí lẹ́yìn nígbà tí mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́nà méjèèjì: "Ìlù ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń sọ̀rọ̀. Ta ni kí wọ́n wá gbọ́?" Gángan kì í ṣe orin abẹ́lẹ̀, ẹnu ló ní. Nítorí náà, ìlù ló ṣíde, ó dákẹ́ kí Ìyá tó lanu, ó sì ń padà wá níbi tí wọ́n bá ti sinmi.

Fífi Fade Out rọ ìlù náà sílẹ̀ gba ọgbọ́n. Onílù ń sọ pé "Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá." Téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́ láti "ojúmọ́", "mọ́ wá" ò ní dé etí ẹnikẹ́ni, ó sì ti gbọ̀rọ̀ lẹ́nu ìlù nìyẹn. Mo fetí sí i títí mo fi mọ ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan parí sí, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni mo ń gé sí. Mo tún rí i pé ibi tó le jù nínú ìlù ò kọjá -3 dB, ìyẹn díẹ̀ sísàlẹ̀ 0 dB tó jẹ́ òpin ohun tí fáìlì lè gbà, kó má baà ya.

Ìgbà tí ohùn pé ni mo tó to àwòrán lé e: Arè níbi tí wọ́n ti dárúkọ Arè, èrò níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. WAV ni mo gbé fún fídíò. MP3 128 kbps, fáìlì tí a ti fún pọ̀, ni mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp fáwọn tí dátà wọn kéré, kò tó MB 1 fún ìṣẹ́jú kan. Fáìlì àkọ́kọ́ tí mi ò fọwọ́ kàn wà lórí kọ̀ǹpútà mi àti nínú fláàṣì tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi tọ́jú.