Yúrò 65 ni a fi jẹun, tí a fi mu bíà ní Köln

Yúrò 40 ni mo yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ àti bíà alẹ́ Sátidé wa ní Köln, nílẹ̀ Jámánì. Yúrò 65 àti sẹ́ǹtì 80 ni a san. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó rẹ́ wa jẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sí wa lọ́rùn la mu, la jẹ. Wọn kò kàn sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ fún wa ni.

Èmi àti àbúrò mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti London, a pààrọ̀ ọkọ̀ ní Brussels, a gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Dom. Kò sí wàhálà kankan títí dé ilé ọtí.

Kölsch ni bíà ìlú yẹn. Láti 1986 ni àwọn apọntí ibẹ̀ ti tọwọ́ bọ̀wé pé bíà tí wọ́n bá pọn ní Köln àti agbègbè rẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ́ orúkọ náà. Ó mọ́ gaara, ó fúyẹ́ lẹ́nu. Ife tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gbà ju lítà 0.2 lọ ni wọ́n ń bù ú sí, kó má baà lọ́wọ́ọ́wọ́ kí èèyàn tó mu ún tán. Bí mo ṣe gbé ife àkọ́kọ́ kalẹ̀, agbọ́tí, tí wọ́n ń pè ní Köbes, ti gbé òmíràn síwájú mi kí n tó lanu. Mo ṣe bí àlejò ni wọ́n fi ń ṣe wá. Mo dúpẹ́, mo mu. Ó ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára páálí róbótó abẹ́ ife, mo sì rí i, mi ò béèrè. Ìlà kan, ife kan. Wọn kì í dáwọ́ dúró àfi tí ẹ bá gbé páálí náà dé ife yín lórí. Ife 17 la mu, yúrò 2.40 lọ́kọ̀ọ̀kan.

A béèrè Halve Hahn méjì, torí àkùkọ ni Hahn lédè Jámánì. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì pẹ̀lú àlùbọ́sà ni wọ́n gbé wá! Ebi ò jẹ́ ká sinmi, la bá tún gba Himmel un Ääd, ìyẹn Ọ̀run àti Ilẹ̀: ápù ni ọ̀run, ànàmọ́ òyìnbó ni ilẹ̀, sọ́sééjì ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ìyẹn dùn dé eegun.

Ìgbà tí a fẹ́ sanwó ni ọ̀ràn dé. Wọn kì í gba káàdì. Yúrò 20 péré ló wà lápò mi. Mo fi àbúrò mi sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni fi nǹkan dógò, mo bọ́ sínú òjò. Ẹ̀rọ ATM àkọ́kọ́ kọ káàdì mi. Mo rìn títí kí n tó rí èkejì, òun náà ní òun máa gba owó iṣẹ́, ó tún ń bi mí bóyá kó ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn. Nínú ìkánjú, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Yúrò ni kí ẹ mú. Iye tí wọ́n fi ṣẹ́ pọ́n-ùn fún mi burú jáì. Àbúrò mi ti pe fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó padà.

Ká ní mo mọ̀ ni, owó lọ́wọ́ ni ǹ bá ti mú wá láti ilé.

Lọ́sàn-án Sunday, a padà sí ilé ọtí kan náà. Nígbà tí ife kẹta tán, mo gbé páálí dé e. Köbes wò ó, ó mi orí sí mi, ó kọjá lọ. Mo san án lówó, mo fi díẹ̀ lé e fún un.