Bọ́ílà tó tóbi jù: bí mo ṣe sọ iná rẹ̀ di ìpele méjì

Ẹni tó gbé bọ́ílà yìí wá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ omi di ooru omi láti mú ilé móoru, kò ka rédíétọ̀ kan ṣoṣo, àwọn irin inú yàrá tí ooru náà ń wọ̀. Iye tí wọ́n kọ sára bọ́ílà àtijọ́ ló wò, ló bá ra irú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó iṣẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì pààrọ̀ ihò atẹ́gùn ara rédíétọ̀. Síbẹ̀, iná a jó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, a kú fún méjì, a tún ràn. Ó dùn mí gan-an, torí ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú kò ju ìdajì wákàtí lọ.

Ilé àtijọ́ ni, ní Brooklyn, páìpù kan náà ló ń gbé ooru lọ tó sì ń dá omi padà. Gbogbo rédíétọ̀ jẹ́ 400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ẹsẹ̀ bàtà kan ń gba 240 BTU (òṣùwọ̀n ooru) ní wákàtí kan: 96,000 nìyẹn. Bọ́ílà ń jẹ gáàsì 253,000 BTU, nǹkan bí 207,000 ló sì ń di ooru. Nígbà tí páìpù bá tutù, àǹfààní ni. Tí rédíétọ̀ bá ti kún, ooru kò ríbi gbà mọ́, ìfúnpá a gòkè, iná a kú.

Iná kékeré tí mo fẹ́ jẹ́ 65 nínú 100, ìyẹn nǹkan bí 164,000. Ẹ fiyè sí èyí: gáàsì kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìfúnpá rẹ̀. Ẹni tó bá dín ìfúnpá kù sí 65 nínú 100 ṣì ń jó 81. Láti 3.5 íǹṣì omi (òṣùwọ̀n ìfúnpá gáàsì), 1.5 ni mo gbé e wá. Plọ́ńbà oníwèé-àṣẹ ló de fáàfù gáàsì onípele méjì, ó sì fi ẹ̀rọ wo èéfín ní ìpele méjèèjì. Ẹ má fo ìyẹn, ẹ sì kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ílà yín bóyá ó gbà á: tí èéfín bá tutù jù, omi a máa sun sínú ṣímìnì, a sì jẹ ẹ́.

Vaporstat, swíìṣì tó ń wo ìfúnpá kékeré inú bọ́ílà, ló ń yan iná. Tí ìfúnpá bá dé 2 áúǹsì lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, iná ńlá a lọ, kékeré a kù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti há. Bí iná bá ti dín kù, ìfúnpá a wálẹ̀, Vaporstat a tún pe iná ńlá, kò sì ní pé ìṣẹ́jú kan kó tún pa á. Fáàfù kò sinmi. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi ń yí ìdè Vaporstat síwá sẹ́yìn, lásán.

Páìpù kékeré tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni mo tú níkẹyìn. Ẹrẹ̀ ìpẹtà ti dí i pa, ìfúnpá inú bọ́ílà kò tètè dé ọ̀dọ̀ Vaporstat. Mo fi onídẹ rọ́pò rẹ̀, mo sì rọ omi kún un kí n tó dè é, kí ooru má baà kan awọ inú Vaporstat.

Ìyẹn tún ìwọ̀n ṣe, àmọ́ iná ṣì ń lọ ń bọ̀. Rílè 24 fólítì kan, swíìṣì tí iná mànàmáná ń tì, ló parí rẹ̀. Vaporstat ń jí i nígbà tí ìfúnpá bá gòkè. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kan a di òun fúnra rẹ̀ mú, èkejì a já wáyà tó ń pe iná ńlá. Láti ìgbà náà, iná kékeré nìkan ni títí thermostat, ẹ̀rọ tó ń wo ooru inú yàrá, yóò fi tẹ́ lọ́rùn. Ibi tí thermostat ti ń pe iná, ṣáájú swíìṣì ìfúnpá tó ń pa iná pátápátá, ni mo ti fún rílè ní iná mànàmáná, kó má baà já tí swíìṣì bá ṣí.

Inú mi dùn sí i: iná ńlá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kékeré títí ilé fi móoru, swíìṣì ìfúnpá 1.5 psi (pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan) kò sì pa á mọ́. Ká ní mo tún un ṣe ni, páìpù ìrù ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni n ó kọ́kọ́ tú. Àti pé wáyà iná kékeré gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo swíìṣì ààbò kọjá, pàápàá èyí tó ń pa iná nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀. Rílè kò gbọdọ̀ fò wọ́n.