Bí mo ṣe jáwọ́ nínú énájì, tí sóbò wá di ohun tí mo fi ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ alùpùpù

₦28,800 ni mo ná sórí énájì, ohun mímu inú ìgò tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ìgbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ ni àyà mi já. Ìgò kan ₦600, méjì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Owó táyà ẹ̀yìn tí mo ti ń sún síwájú láti ọjọ́ yìí ni mo ń dà sọ́nà ọ̀fun, mo sì rò pé ìgbádùn kékeré ni mo ń fún ara mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi alùpùpù kó ẹrù kiri Ìbàdàn fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá gbéra ní Àpáta láàárọ̀, mo lè dé Ìwó Road, Bódìjà, Òjòó àti Mọ́níyà, kí n tún padà sí Challenge kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí kò bá tíì gun alùpùpù fún wákàtí mẹ́sàn-án rí kò lè mọ bí alẹ́ rẹ̀ ṣe ń rí. O ti pa ẹ́ńjìnnì tán, ọwọ́ rẹ ṣì ń gbọ̀n bíi pé o ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Òógùn á ti gbẹ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì, á ti di iyọ̀ funfun gbàràgàdà. Eruku á máa dún láàárín eyín. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti tutù, tó sì dùn, ni ọ̀fun á gbà lásìkò yẹn, wọn ò sì ní ṣàìrí i tà fún ọ.

Énájì bá mi lára mu lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní parọ́. Màá dúró nídìí ìsọ̀ kan ní Challenge, màá mu ìgò kan lóòró, màá gbé èkejì relé láti fi jẹun alẹ́. Ara á yá, màá bá àwọn ọmọ ṣeré. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé bá ti sùn, ojú mi á là sílẹ̀ kedere. Aago méjì òru á lù, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò á máa pa lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á ṣì máa yí sọ́tùn-ún yí sósì. Mo rò pé ìrònú ló ń dà mí láàmú. Mo tiẹ̀ ti ń gbàdúrà sí i.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo gbé ẹrù lọ fún ló là mí lóye. Ó ní káfíínì tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú énájì. Agolo kékeré, mílílítà 250, sábà máa ń ní nǹkan bíi mílígíráàmù 80, ìyẹn bí ife kọfí kan, ti ìgò ńlá sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo ń mu ìgò méjì ní aago méje alẹ́, tí mo wá ń wá oorun ní aago mẹ́wàá, níbo ni mo fẹ́ ti rí i?

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé àìsùn òru yẹn ni mo ń gbé gun alùpùpù láàárọ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, nítòsí Òjòó, ojú mi pa dé. Kò tó kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo máa là á, ẹ̀yìn tìrélà ló kún iwájú mi, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan ṣoṣo ń tàn bàìbàì. Mo tẹ bíréèkì, táyà ẹ̀yìn fà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọlọ́run ló yọ mí. Mo ti màṣíìnì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo jókòó sórí etí gọ́tà bí ogún ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ mi ò ràn. Owó ara mi ni mo fi ń ra ikú yẹn, ₦600, ₦600. Ibẹ̀ ni mo ti búra pé énájì tán.

Kí la ó wá máa mu? Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìmọ̀ràn tiwọn. Àwọn kan ní ọtí inú ọ̀rá ló ń tú iṣan. Lóṣù kejì ọdún 2024, NAFDAC fọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ ọtí ọ̀rá yìí kí wọ́n tó tún dẹwọ́, ṣùgbọ́n ní gáréèjì tiwa, kò fìgbà kan wọ́n. Mi ò gbà, torí níbi tí wọ́n ti ń tà á, mo ṣì ní màṣíìnì tí màá gùn délé. Ẹmu ni ọkàn mi fà sí jù, ọmọ oko ni mí. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ torí ọ̀pẹ bọ̀ láàárọ̀ dùn ju oyin lọ, àmọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí wọ́n bá ṣe ń gbé e sọ̀ ló ti ń hó, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọtí gidi ni. Èyí tí mo sì rí rà lọ́nà Mọ́níyà, wọ́n ti bu omi là á, wọ́n fi sákárínì bò ó mọ́lẹ̀, adùn burúkú yẹn lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n di ọjọ́ kejì. Mọ́ọ̀tì ò burú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ohun tí mo ń sá fún. Kúnú Sàbó dára lọ́sàn-án. Lálẹ́, ó máa ń yó mi kí n tó dé ìdí oúnjẹ.

Ìyá Ìbejì tá a jọ ń gbé inú ilé kan náà ló fún mi ní ife sóbò kan lálẹ́ ọjọ́ tí mo wọlé bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba. Ó tutù, ó kan díẹ̀, atalẹ̀ rẹ̀ ta mí lọ́fun. Mo gbé ife náà sílẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Kíkan yẹn gan-an ni ara mi ti ń wá. Lẹ́yìn eruku àti èéfín ọkọ̀ láti àárọ̀, adùn kì í fọ ọ̀fun, kíkan ló ń fọ̀ ọ́. Mo sùn lọ́jọ́ yẹn, ó di àárọ̀.

Mo ní kó máa tà á fún mi, ó ní ilé ìwé ni òun ń gbé tòun lọ, kì í ṣẹ́kù. Ó ní, “Bàbá Àyọ̀ká, ẹ lọ ra ewé sóbò ní Sàbó, kẹ́ ẹ sè é fúnra yín, ẹ ó jèrè ẹ̀.” Mo lọ. Ewé la ń pè é, àmọ́ kì í ṣe ewé. Awẹ́ pupa tó máa ń yí èso ìṣápá ká ni wọ́n ń sá gbẹ. Èyí tó funfun lára rẹ̀ là ń fi ẹ̀gúsí sè lọ́bẹ̀. Bissap ni wọ́n ń pè é ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n ń pè é ní karkadé ní Íjíbítì.

Sísè rẹ̀ ò le. Ṣà á, ṣàn án dáadáa torí iyanrìn, gún atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i, sè é, sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá lè se tíì, ó lè se sóbò.

Ibi tó ti fẹ́ẹ̀ lé mi padà sídìí énájì ni pé tèmi kì í dúró. Mo sè é lálẹ́ Sunday, lítà márùn-ún, inú mi dùn, mo tò ó sínú ìgò oníke mọ́kànlá, mo dé wọn pa. Mo rò pé ó máa gbé mi dé Friday. Láàárọ̀ Tuesday, nígbà tí mo ṣí ọ̀kan, ó hó yàà sí mi lára, ó ń rùn bíi ìdí àgbá ọtí. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù. Mo sè é lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ bẹ ẹnì kan ládùúgbò kó bá mi kó o sínú firísà rẹ̀. Iná lọ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ máa wo ojú mi nígbà tí wọ́n kó ìgò náà padà fún mi, tí wọ́n wú rondo bí ikùn àkèré.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Mo ní tí kò bá lè dúró nílé, kí n máa gbé e dání, kí n mu ún lọ́jọ́ kejì kó tó bàjẹ́. Mo ki ìgò kan bọ inú àpótí ẹ̀yìn màṣíìnì láàárọ̀. Oòrùn mú. Lọ́nà Mọ́níyà, níbi tí títì ti kún fún gbágungbàgun, mo gbọ́ “pàù!” Táyà ni mo rò. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo wo tiwájú, mo wo tẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan. Nígbà náà ni mo rí omi pupa tó ń kán lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ láti ìgun àpótí bọ́ sórí sàlẹ́ńsà, tó ń hó ṣìì bó ṣe ń kan irin gbígbóná náà.

Léèsì funfun yáàdì márùn-ún wà nínú àpótí yẹn, aṣọ tí ẹnì kan fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ti lu. Àbàwọ́n tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà ní etí kan. Mo sáré gbé e lọ fún alágbàfọ̀. Bó ṣe fi ọṣẹ kàn án báyìí, pupa yẹn yí padà lójú wa, ó di bí aró. Ọṣẹ ló máa ń yí àwọ̀ sóbò padà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀ mo ti rò pé ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó ṣẹ́kù bíi òjìji. ₦15,000 ni mo san nígbẹ̀yìn, ti alágbàfọ̀ àti ti ẹ̀bẹ̀. Àfi kí n máa ronú pé énájì ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, kí ọkàn mi má bàa bàjẹ́ jù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì ní kí n to gbogbo ohun tí mo ṣe sílẹ̀ fún òun. Mo ní mo fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní ní tútù? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo da ṣúgà sí i, mo sì dé e bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí kòkòrò má bàa kó sí i. Ó lu ọwọ́ pọ̀: “Bàbá Àyọ̀ká, ọtí lẹ̀ ń pọn!” Ohun kan náà tó ń mú ẹmu hó ló wà lára ọ̀pẹ̀ òyìnbó: ìwúkàrà, tí ojú ò lè rí. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Tó bá ti ń jẹ ẹ́ níbi tó móoru, afẹ́fẹ́ ló ń tú jáde, tí ìgò bá sì wà ní dídé, afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà. Mo wá lọ jì í lórí títì gbágungbàgun. Kí ni kò ní bẹ́?

Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo wá ń lò báyìí, mo sì ń sè é pọ̀ mọ́ sóbò nínú ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí iná pa ohunkóhun tó bá wà lára rẹ̀. Mo ń fi omi gbígbóná ṣan ìgò. Mi ò dé e títí tó fi tutù pátápátá. Ṣúgà ò sí nínú rẹ̀ mọ́, inú ife ni mo ń fi í sí. Ti alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ń sè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mi ò ṣojúkòkòrò lítà márùn-ún mọ́.

Ti òtútù ló kù, torí mi ò ní gbé ara lé nẹ́pà láéláé mọ́. Àmù màmá mi ló gbà mí. Láti ìgbà tí a ti kó wá síbí ló ti dojú bolẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ iyanrìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ń gbà, mo rin iyanrìn náà, mo gbé àmù lé e, mo pọn omi kún un. Omi máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, bí atẹ́gùn bá ṣe ń gbẹ ẹ́ ló ń fa ooru jáde nínú rẹ̀. Mo ri ìgò sóbò sínú omi yẹn kí n tó jáde láàárọ̀, ìyàwó mi á bá mi rin iyanrìn lọ́sàn-án. Tí mo bá dé lálẹ́, mo ki ọwọ́ bọ inú àmù dé ìgbọ̀nwọ́, òtútù yẹn nìkan tó fún mi láti rẹ́rìn-ín. Kò gan bíi ti firíìjì. Ó tó, ó sì ń run òórùn amọ̀ díẹ̀, tí mo fẹ́ràn.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé omi ló yẹ kó ṣáájú. Kí n tó bọ́ bàtà, mo ti mu píọ̀ wọ́tà méjì, ìyẹn lítà kan. Láyé énájì, òùngbẹ ló ń mú mi ra ìgò kejì, kì í ṣe pé mo gbádùn rẹ̀. Tí òùngbẹ bá ti lọ, ife sóbò kan ń tó mi, màá sì máa fà á mu díẹ̀díẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó bi dókítà rẹ̀ kó tó máa mu ún lójoojúmọ́, torí sóbò náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gbé e lórí màṣíìnì kó yáa lọ ra fúláàsì. Kó má kó o pọ̀ mọ́ ẹrù oníbàárà, ìbáà jẹ́ bàtà ni wọ́n rán an.

₦3,000 ni ó ń ná mi lọ́sẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń mu níbẹ̀. Mo ti ra táyà ẹ̀yìn. Aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, mo ti sùn lọ. Oníléèsì yẹn nìkan ni kò tíì pè mí láti ọjọ́ náà, ó sì ti ju ìgbà mẹ́wàá lọ tó ti gbé ẹrù fún mi rí.