Àmọ̀ràn fún àwa tí ilé wa wà lẹ́sẹ̀ òkè

Ẹ̀yin ará, bí òjò ti ń dé yìí, mo bẹ gbogbo àwa tí ilé wa wà lẹ́sẹ̀ òkè pé kí a fi ọ̀rọ̀ òkè tó ń ya sọ́kàn. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọjọ́ 14 oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ púpọ̀, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, ó sì bo àwọn ilé mọ́lẹ̀. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ igi orí òkè náà kí wọ́n lè kọ́lé, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò igi ló ń di ilẹ̀ mú.

Òkè a máa fi àmì hàn lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó ya. Ẹ kíyè sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá ń há, òpó iná tó ń tẹ̀, àti omi tó ń sun níbi tí kò ti sun rí. Bí ògiri bá lanu, ẹ fi èédú sàmì sí ibi tó parí sí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá àmì náà, ẹ má ṣe sùn nínú ilé náà mọ́ títí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bí òkè bá ti ń ya, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ sá sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àfonífojì, nítorí ẹrẹ̀ máa ń yára ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ.