Bí ẹ ò ṣe ní jẹ́ kí sójà ara yín máa bá iṣan ọkàn yín jà

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo wà nínú dánfó, à ń bọ̀ láti Ọ̀ṣòdì, Ọbáléndé là ń lọ, ni bọ̀ọ̀dá kan bá dìde láàárín wa, ó gbé ike kékeré kan sókè, ó ní "immune booster" ni, ìyẹn oògùn tó ń fún sójà ara, àwọn tó ń bá àìsàn jà fún wa, lágbára, pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó tún ń la iṣan ọkàn. Màmá méjì tó jókòó lẹ́yìn mi rà á lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ o, ta ló fẹ́ bá ọlọ́jà inú bọ́ọ̀sì fa wàhálà láàárọ̀ kùtù lórí Third Mainland? Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí làábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Muṣin, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni mò ń fà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí bọ̀ọ̀dá yẹn ò mọ̀ ni pé tó bá ti di ọ̀rọ̀ iṣan ọkàn, sójà ara tí ò sinmi ìjà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ tún fẹ́ lọ ra ọtí fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí láìsí ìyẹn gbogbo ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ ṣe á kàn dà bí òfin tíṣà ni.

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn dà bíi páìpù, àmọ́ páìpù tó lẹ́mìí ni, awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dán ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tó pọ̀ jù àti èéfín sìgá máa ń ha awọ yẹn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní lè dá nǹkan dúró mọ́, ni LDL, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, á bá yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀, á jókòó síbẹ̀, á sì bà jẹ́ bí ọbẹ̀ tó sun fíríìjì ọjọ́ mẹ́ta tí ò síná. Sójà ara á wá dé. Àwọn kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa gbé ìdọ̀tí mì, bí àwọn LAWMA tó ń kó ìdọ̀tí l'Ékòó ni wọ́n ṣe rí. Wọ́n á ya wọ abẹ́ awọ yẹn, wọ́n á gbé ọ̀rá mì, wọ́n á tún gbé e mì, títí ikùn wọn á fi kún tí wọn ò ní lè rìn mọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa kú sí. Àwọn tó wá kólẹ̀ á wá di ààtàn fúnra wọn. Òkú wọn á tún pe àwọn mìíràn wá.

Ara á sáré bo ààtàn yẹn mọ́lẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri tó sán, àmọ́ àwọn sójà tó ṣì ń jà lábẹ́ ẹ̀ á máa jẹ sìmẹ́ńtì náà lọ. Ọjọ́ tó bá là, ẹ̀jẹ̀ á rò pé ara bó ni, á dì síbẹ̀ láti dí i. Tó bá jẹ́ iṣan ọkàn, háàtì àtáàkì nìyẹn. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Ìdí ẹ̀ rèé tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ "àná la ṣì jọ jẹ àmàlà", torí kò dìgbà tí iṣan bá dí tán kí ibẹ̀ tó là.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà Jámánì kan, Rudolf Virchow, ti ń sọ ọ́ láti bí ọdún 1856 pé iṣan tó ń dí yìí, ìjà ara wà nínú ẹ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀rí tó le gan-an, wọ́n kó àwọn tó lé ní 10,000 tí wọ́n ti ní háàtì àtáàkì rí jọ, wọ́n ń gún àwọn kan lábẹ́rẹ́ canakinumab, tó kàn ń pa ẹyọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn sójà fi ń ránṣẹ́ síra wọn lẹ́nu mọ́. Kò fọwọ́ kan kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rárá, síbẹ̀ ó dín háàtì àtáàkì, rọpárọsẹ̀ àti ikú ọkàn kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yẹn, àrùn tí kòkòrò ń fà pa wọ́n ju àwọn tí ò gbà á lọ. Ẹ rí i báyìí? Èèyàn ò lè ti sójà mọ́lé, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ máa kó ìbọn kún ìbọn fún un. Ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ má fún un ní ìjà jà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ló kù yìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀jẹ̀ ríru, torí òun ló ń ha awọ yẹn jù. Kẹ́míìsì àdúgbò yín á ti ní ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ má sáré wọlé látinú oòrùn kẹ́ ẹ na apá. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí apá wà ní ọ̀gangan àyà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àní bí ọmọ bá ń pe fóònù. Tó bá ń dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì ṣúgà àti ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù náà. Lẹ́yìn náà ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ fi wọn ikùn yín. Tí ọkùnrin bá ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 94, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì 37, tí obìnrin lé ní 80, ìyẹn íǹṣì 31 àti ààbọ̀, ọ̀rá inú ikùn yẹn kì í jókòó jẹ́ẹ́ o. Ó ń ránṣẹ́ pe sójà lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé a máa ń pè é ní ikùn ọlá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi tẹ́ẹ̀sì kan torí iṣẹ́ mi ni. hs-CRP ni wọ́n ń pè é. CRP jẹ́ nǹkan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe jáde nígbà tí ìjà bá wà nínú ara, èyí tó ní "hs" níwájú lè rí i bó tiẹ̀ kéré gan-an. Tó bá wà lábẹ́ 1 mg/L, ara rọlẹ̀. Láti 1 sí 3, ó wà láàárín. Tó bá ti lé ní 3, ewu ọkàn pọ̀ sí i. Bó bá sì lé ní 10, ẹ má tíì sunkún, nǹkan mìíràn ló ṣeé ṣe kó máa ṣe yín. Bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa, tiẹ̀ jẹ́ 14, ọmọ ẹ̀ ti fẹ́ máa pe gbogbo ẹbí, ni mo bá bi í léèrè pé "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan tó ń dùn yín lára?" Ó ní eéwo ló sọ òun nítan. Eéwo lásán! Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti san, ó ti di 2. Torí náà ẹ má ṣe é tẹ́ ẹ bá ní ibà, ọ̀fìnkìn, eéwo tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àjẹsára, ẹ ní sùúrù bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá lọ. Kẹ́ ẹ sì wo ìwé tí wọ́n bá fún yín dáadáa, CRP lásán yàtọ̀ sí hs-CRP, àwọn làábù kan á ṣe èkíní fún yín, wọ́n á gba owó èkejì. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀, dókítà ló máa ń fi í pinnu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà lágbedeméjì, bóyá kó fún èèyàn ní statin àbí kó ṣì dúró. Statin yẹn, àwọn èèyàn ń sá fún un, àmọ́ yàtọ̀ sí pé ó ń dín LDL kù ó tún ń rọ àwọn sójà náà lójú. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ lò ó, ẹ má dá a dúró torí pé ẹ gbọ́ nǹkan lórí WhatsApp.

Èéfín ńkọ́. Sìgá àti ṣíṣà, ẹ ti mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé "I better pass" sí kọ́rídọ̀, tí èéfín ẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé lálaalẹ́, eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú èéfín yẹn ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ara ń rí i bí ọ̀tá, ìjà ibẹ̀ ń kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sílé, ó tún lè pa gbogbo ilé lóru kan ṣoṣo láìsí ọ̀rọ̀ ọkàn níbẹ̀.

Ẹ wo èrìgì yín. Tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ eyín, ìjà ti wà níbẹ̀, àrùn èrìgì àti àrùn ọkàn sì sábà máa ń rìn pọ̀. Ẹ lọ bá dókítà eyín kó bá yín ha ìdọ̀tí ìdí eyín. Orín náà dáa, àmọ́ kò lè ha èyí tó ti le.

Èyí kàn ẹ̀yin òbí: ọ̀fun tó ń dun ọmọ. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Streptococcus lè fà á, àwọn sójà á ṣe ohun ìjà tó bá a mu, àmọ́ kòkòrò yẹn jọ nǹkan kan lára ọkàn, ni ohun ìjà yẹn á bá yí padà sí fáàfù ọkàn ọmọ, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló máa ń ṣe jù. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀fun dídùn, orúnkún á wú, á kúrò níbẹ̀ bọ́ sí ọrùn ọwọ́, wọ́n á ní "ara ló ń gùn". Ẹ má fi àgbo nìkan pa á mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, tó bá jẹ́ àìsàn tí mò ń sọ yìí ni, èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatic fever, abẹ́rẹ́ penicillin lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò ní jẹ́ kó padà wá ba fáàfù náà jẹ́ tán.

Ó dá mi lójú pé ẹnì kan ti ń rò ó pé, ó dáa, tó bá jẹ́ ìjà ara ni, kí n máa lo diclofenac tàbí ibuprofen lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ o! Àwọn oògùn yẹn gan-an lè dá háàtì àtáàkì sílẹ̀ téèyàn bá ń lò wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀kan lára ìdílé wọn, Vioxx, ọdún 2004 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà torí ọ̀rọ̀ ọkàn. Ẹ tún ṣọ́ra fún àgbo orúnkún tó ń ṣiṣẹ́ bí idán láàárín wákàtí kan, àwọn kan ń lọ dexamethasone, oògùn tó ń ti sójà ara mọ́lé, sínú ẹ̀. Colchicine wà lóòótọ́, oògùn gáùtì àtijọ́, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ọkàn lọ́dún 2023, àmọ́ ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa lè fi kú, dókítà ló ń kọ ọ́.

Ẹni tó bá ní HIV, lupus tàbí àrùn oríkèé tí ara ń bá ara ẹ̀ jà, kó má dúró de ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀ ọkàn. Lọ́dún 2023 kan náà, ìwádìí fi hàn pé pitavastatin, ọ̀kan lára àwọn statin, dín ewu ọkàn kù ní ìdá 35 nínú 100 lára àwọn tó ní HIV tí wọ́n ń lo oògùn wọn. Ẹ bi wọ́n ní kílíníìkì yín.

Àìsàn flu náà ò kéré. Ní Kánádà, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2018 rí i pé láàárín ọjọ́ méje tí flu bá mú èèyàn, háàtì àtáàkì máa ń tó ìlọ́po mẹ́fà. Tí bàbá yín bá ti ní ọ̀rọ̀ ọkàn tẹ́lẹ̀, ẹ wá àjẹsára flu fún un tẹ́ ẹ bá rí i.

Oúnjẹ ò ní pẹ́: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, kí iyọ̀ má ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́, mágì wà nínú ẹ̀ o. Ẹ rìn bí ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Oorun ló le fún wa l'Ékòó, ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ní Ìkòròdú kó lè dé Island ní mẹ́jọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Kó ṣáà pa fóònù lálẹ́, kó tètè sùn.

Ohun tó kù ni ọjọ́ tí àyà bá ń fún èèyàn bí ẹni dì í lókùn, tí ìrora gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí apá òsì, tí òógùn tútù bò ó, tàbí tí ẹnu ṣàdédé yí tí ọwọ́ kan rọ. Ẹ má ní kó lọ dùbúlẹ̀, ẹ má lọ ra oògùn inú rírun ní kẹ́míìsì. Ẹ pe 767 tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, tàbí 112, ẹ rántí aago tó bẹ̀rẹ̀ torí wọ́n máa bi yín, kí ẹnì kan sì ṣí géètì sílẹ̀.